Má Fọkàn Tán Àlàájà Bẹ́yẹrúnkà

Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Sìkírátù Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara wa le níhìn-ín. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí òjò wó ti dìde. Alágbà Yẹ̀kínnì, ọ̀gá mi, ní kí n bá òun kí ọmọ tó máa ń ka ìwé lórí ẹ̀rọ ìránṣọ òun títí ẹsẹ̀ yóò fi kú tì í.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Ilé-ìwé oko ni mo lọ, tíṣà kan ṣoṣo ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta, mi ò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí wasáàpù láàárọ̀ àná, mo mọ̀ pé èsì rẹ̀ kò ṣe é sọ lórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, o ó rẹ́rìn-ín, èmi náà ó rẹ́rìn-ín, a ó sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ, tí Màmá náà tẹ̀lé e, èmi ni mo di bàbá rẹ nígbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì jáde. Gẹ́gẹ́ bíi bàbá ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ lónìí. Gbàgbé pé ẹ̀gbọ́n ni mí.

O ní ọ̀gá àgbà ilé-ìwé yín ti fa ọ̀rọ̀ ìkànnì ayélujára lé ọ lọ́wọ́, pé kí o wá ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á sílé, tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiwọn kí gbogbo ayé lè máa rí i. O ní ibẹ̀ ni èsì ìdánwò àwọn ọmọ yóò máa wà, tí àwọn òbí yóò ti máa wò ó. O wá dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ọkàn rẹ ti fà sí. O ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn èèyàn yìn wọ́n gan-an o! Àlàájà kan tiẹ̀ wà níbẹ̀, ará Bẹ́yẹrúnkà wa, tó ń rán fìlà. Ó ní látìgbà tí òun ti wà lọ́dọ̀ wọn, kò sí ọjọ́ tí ìkànnì òun kọ̀ láti ṣí. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé ará àdúgbò mi ló jẹ́rìí wọn. Ọjọ́ Ajé la ó fọwọ́ sí i."

Àjíkẹ́, èmi ni Àlàájà yẹn.

Má tíì ju lẹ́tà yìí sílẹ̀. Jókòó, mu omi, kí o kà á parí.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, ìwọ wà ní ilé-ìwé gíga. O mọ̀ pé ìkànnì Alágbà bàjẹ́, ṣùgbọ́n mi ò sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà fún ọ rí, mi ò sì sọ ohun tí mo ṣe. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. O rántí àpótí páànù tó wà lábẹ́ tábìlì Alágbà ní Ọjà'ba. Batani fìlà, àwọn bébà tí a fi ń gé aṣọ rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rin, òmíràn nínú wọn ti wà látọwọ́ bàbá tó bí Alágbà lọ́mọ. Nínú iṣẹ́ wa, ọ̀gá kì í kó gbogbo batani rẹ̀ síta. Bí ogún ni yóò kọ́ sára ògiri. Ìyókù á wà nínú àpótí, oníbàárà tó bá mọ ohun tó ń wá nìkan la ń ṣí i fún.

Èmi ni mo ní ká ya àwòrán gbogbo rẹ̀, ká gbé e sórí ayélujára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Kí àwọn olè lè rí i dáadáa?"

Mo ní, "Kí àwọn oníbàárà lè rí i ni, Bàbá."

"Olè kì í ra fìlà ni?"

Nígbà tó rí i pé mi ò ní yéé pariwo sí i létí, ó gbà. Àmọ́ ó bi mí ní ìbéèrè kan. O mọ̀ pé ní Ọjà'ba, tí èèyàn bá mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́, tàbí tí àlejò bá fẹ́ gba ìsọ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ọ̀gá ń kọ́kọ́ béèrè: ta ló dúró fún un? Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí a mọ ilé rẹ̀, tí a ó pè lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Alágbà ní, "Àwọn tó fẹ́ gba nǹkan mi sílé yìí, ta ló dúró fún wọn?"

Mo ní, "Àwọn èèyàn tó yìn wọ́n pọ̀, Bàbá. Àlùfáà kan wà ní Ìlọrin, dókítà kan wà ní Abẹ́òkúta."

"O mọ̀ wọ́n?"

"Mo ka orúkọ wọn."

Ó ní, "Orúkọ kì í ṣe èèyàn, Múfú."

Olórí kunkun ni mí, mi ò gbọ́. Àṣà wa ni mo kó wọnú ibi tí kò sí àṣà wa. Mo rò pé ẹni tó bá ti fi orúkọ rẹ̀ yin nǹkan ní gbangba ti dúró fún un nìyẹn, bí a ṣe ń dúró fúnra wa ní Ọjà'ba. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlú mìíràn lè má ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìwọ la ṣe é, nítorí etí wa ti mọ́ onígbọ̀wọ́.

Lójú ewé wọn, aago kan wà tó ń kà wálẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wákàtí kan péré ló kù kí ẹ̀dínwó tán. Mo sáré láti Bẹrẹ dé Oníyanrìn lọ bá ọ̀rẹ́ mi tó ní káàdì báńkì, òógùn bò mí, mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí láìkà á. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣí ojú ewé náà. Aago yẹn ti bẹ̀rẹ̀ láti òkè padà. Wákàtí kan péré ló tún kù.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n níbẹ̀. Mi ò gbọ́n. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi kọ̀wé sí mi pé tí mo bá fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyìn, wọn yóò fún mi ní ọdún kan sí i lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé tí ẹlòmíràn láti ìsọ̀ wa bá tún yìn wọ́n, ọdún mìíràn tún nìyẹn. Mo yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà mo jókòó sẹ́yìn ìsọ̀, mo dá Àlàájà kan sílẹ̀. Mo sọ ọ́ di obìnrin, mo sọ ọ́ di àgbà, mo fi Mẹ́kà kún un, nítorí mo mọ̀ pé ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé kò lè purọ́. Mo kọ ọ́ pé kò sí ọjọ́ tí ìkànnì òun kọ̀ láti ṣí. Ìkànnì náà kò tíì lò tó oṣù kan.

Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́, òjò gba orí páànù wọlé, ó rin àpótí Alágbà gbingbin. Bébà inú rẹ̀ di ẹ̀kọ. Mo ń sunkún, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní, "Ṣebí ó wà lọ́hùn-ún?" Mo ní ó wà. Mo ti pa àwọn àwòrán náà rẹ́ lórí fóònù mi nítorí mẹ́mórì rẹ̀ ti kún, nígbà tí ilé-iṣẹ́ yẹn ti kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ń ṣe ẹ̀dà gbogbo nǹkan lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ìkànnì náà kò ṣí mọ́. Mo pe kọ́sítọ́mà kíà wọn.

Ọkùnrin náà ní, "Sà, àwòrán yín ti pọ̀ jù."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé àyè yín ò lópin."

Ó ní, "Kò lópin lóòótọ́, sà. Àmọ́ ó ní ìwọ̀n."

Mo bú u. Mo bú ìran rẹ̀. Ó pa fóònù, wọn kò sì gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo ní kò burú, n ó mú orúkọ ìkànnì wa kúrò lọ́dọ̀ wọn, n ó gbé e lọ síbòmíràn. Ìgbà náà ni mo rí i pé orúkọ tiwọn ni wọ́n fi gba orúkọ ìkànnì wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdúrẹ́sì ọ́fíìsì tí wọ́n kọ síbẹ̀, mo fi mọ́tò lọ síbẹ̀ ní Èkó. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni.

Mo padà dé ìsọ̀. Alágbà ní, "Múfú, àwọn batani mi dà?"

"Wọ́n wà lọ́wọ́ wọn, Bàbá."

"Ibo ni wọ́n ń gbé? Jẹ́ ká lọ."

"Wọn ò ní ibi tí a lè lọ, Bàbá."

Ó wá ní, "Ẹni tí kò nílé lo kó ẹrù mi fún pé kó gbà á sílé."

Kò nà mí, kò lé mi. Ó mú abẹ́rẹ́, ó fẹ́ fi òwú sí i, òwú náà kò wọlé. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi òwú sí i, mo dá a padà fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́fà, mi ò sì tíì gbàgbé abẹ́rẹ́ yẹn.

Nísinsìnyí gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Mi ò bẹ̀ ọ́. Mò ń sọ fún ọ ni.

Èkíní, ilé-iṣẹ́ tó bá gbé aago síwájú rẹ, pa ojú ewé rẹ̀ dé. Ṣí i lọ́jọ́ kejì, kí o tún ṣí i lọ́jọ́ kẹta. Tí aago náà bá ń padà sí òkè, irọ́ ló kọ́kọ́ fi kí ọ yẹn, ẹni tó bá sì fi irọ́ kí èèyàn kò ní fi òótọ́ dágbére. Ọjà tó dára lónìí yóò dára lọ́la.

Èkejì, "kò lópin" kì í ṣe ìdáhùn. Kò sí àpótí tí kò nísàlẹ̀. Ní kí wọ́n sọ iye rẹ̀ fún ọ: àyè tó mélòó, èèyàn mélòó ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, kí ló ń ṣẹlẹ̀ tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni kí o bi wọ́n ní iye owó ọdún kejì àti ọdún kẹta, nítorí ẹ̀dínwó ọdún kìíní ni wọ́n fi ń pẹja. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fẹnu sọ, má kà á kún. Kí o sì ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ àdéhùn, títí dé ibi tí ó ti sú ọ, kí o tún kọjá ibẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ìwọ̀n pamọ́ sí.

Ẹ̀kẹta, orúkọ ìkànnì. Orúkọ ilé-ìwé ni kí ẹ fi gbà á, pẹ̀lú ímeèlì ilé-ìwé. Kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, kì í ṣe orúkọ ẹni tó bá yín ṣe é, kì í ṣe orúkọ tìrẹ náà o, Sìkírátù. Ọjọ́ tí ọkọ bá gbé ọ lọ sí ìlú mìíràn, kò yẹ kí ilé-ìwé máa wá ọ kiri kí wọ́n tó lè ṣílẹ̀kùn ilé ara wọn.

Ẹ̀dà ńkọ́? Ìwọ ni kí o máa ṣe é. Ẹni tó bá ní òun ń bá ọ ṣe é, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì ṣe tìrẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kí o tó kúrò ní ọ́fíìsì, kó gbogbo èsì sórí fláàṣì, kí o tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yọ ọ́, ṣí i, wò ó bóyá ó ń ṣí. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, pè wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ìbéèrè tó le. Má sọ pé o fẹ́ rà. Sọ pé nǹkan rẹ bàjẹ́. Bí wọ́n bá ṣe dá ẹni tí nǹkan rẹ̀ bàjẹ́ lóhùn ni kí o fi mọ̀ wọ́n. Gbogbo ẹni tó ń tajà ló ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó fẹ́ rà.

Bó bá wá kan ọ̀rọ̀ ìyìn, Àjíkẹ́, tìtorí èyí ni mo ṣe mú bírò. Ẹlẹ́rìí tí o kò lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Wá ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta tó ti lò wọ́n ju ọdún kan lọ, lọ síbẹ̀, jókòó ti ẹni tó ń bójú tó ìkànnì wọn, bi í pé ọjọ́ wo ló bàjẹ́ kẹ́yìn, ta ló tún un ṣe, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó. Ẹni tó bá ní kò bàjẹ́ rí, dìde níwájú rẹ̀. Àlàájà náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan kù, ó sì kàn ọ́ gan-an. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò ní kí ìwọ náà yin àwọn kí wọ́n lè fún ọ ní nǹkan. Ó lè jẹ́ ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé-ìwé, ó lè jẹ́ ohun tí wọn yóò fi sọ́wọ́ rẹ ní ìkọ̀kọ̀ pé o ṣeun tí o mú wa. Má gbà á. Má sọ pé ilé-ìwé lo ṣe é fún. Èmi náà sọ pé Alágbà ni mo ṣe é fún. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin tí mo jù sílẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ló wá fọ́ sí ọ lẹ́sẹ̀ lánàá.

Má rò pé mo jókòó lásán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ Àlàájà yẹn kúrò, wọn kò dáhùn. Mo wá fi orúkọ ara mi kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sábẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pa á rẹ́. Èyí tí mo fi irọ́ kọ wà níbẹ̀ títí di òní, èyí tí mo fi òótọ́ kọ kò gbé níbẹ̀ títí di alẹ́. Fi ìyẹn wọn gbogbo ìyìn tí o bá kà níbẹ̀.

Ní ti batani, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni èmi àti Alágbà máa ń jókòó. Òun á pa ojú dé, á máa fi ìka ya á sórí itan rẹ̀, èmi á máa gé e sára bébà sìmẹ́ńtì. A ti rí mọ́kànléláàádọ́ta gbà padà. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan ní ìsọ̀, ọ̀kan níbí. Àwọn tó kù, òmíràn nínú wọn kò ní padà mọ́. Ọwọ́ Alágbà ti ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó dé àárín, ó dúró. Ó ní, "Ó ti lọ, Múfú." Mo ní ká sinmi díẹ̀, bóyá yóò padà wá. A sinmi. Kò padà wá. Síbẹ̀ n ó wà níbẹ̀ lọ́la, n ó sì wà níbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, títí yóò fi ní ó tó.

Ọjọ́ Ajé ni tìrẹ. Kí ọ̀gá tó mú bírò, wọlé lọ bá wọn, kí o sọ pé, "Ẹ̀rí tí mo mú wá irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́." Má sọ pé o ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, má wá àwáwí kankan. Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán ọ wò kò tíì pé, mo mọ̀ pé o ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé o kò mọṣẹ́. Ojú yóò tì ọ́. Jẹ́ kí ó tì ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Èyí sàn ju kí ìyá kan dúró níwájú rẹ lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù yunifásítì fẹ́ tán, kí ó máa bi ọ́ pé èsì ọmọ òun dà, kí ìwọ sì máa sọ fún un pé ó wà lọ́hùn-ún.

Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbà ọ́ gbọ́, tí wọ́n ní ta ló dúró fún ọ̀rọ̀ tí o ń sọ, fún wọn ní lẹ́tà yìí, kí wọ́n kà á látòkè délẹ̀. Nọ́mbà mi wà lọ́wọ́ rẹ. Ilé wa ṣì wà níbi tó wà, lẹ́yìn mọ́sálásí, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Kí wọ́n wá kàn án.

Wọn kò ní bá Àlàájà kankan níbẹ̀. Èmi ni n ó ṣílẹ̀kùn.

Mùfútáù, ẹ̀gbọ́n rẹ,
tó dúró fún ọ.